Oyè Ni Orúkọ Ọkọ̀ Ogun

Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ọdún 1942, ọkọ̀ ogun ńláńlá mẹ́rin tí bàálù ń fò láti orí wọn ló rì mọ́ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú òkun Pàsífíìkì. Lexington ló ṣáájú, nígbà ìjà Òkun Coral ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún. Yorktown tẹ̀lé e ní Midway ní oṣù Kẹfà. Wasp lọ ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí oṣù Kẹwàá sì ń parí lọ, Hornet náà rì. Àmọ́ nígbà tí ọdún 1943 fi máa tẹnu bepo, Lexington ti wà lójú omi, Yorktown wà níbẹ̀, Wasp àti Hornet sì ti wọ iṣẹ́. Ọmọ ogun Japan tó fojú ara rẹ̀ rí bí Yorktown ṣe dẹ̀gbẹ́ ní Midway yóò gbọ́ lọ́dún kejì pé Yorktown tún ń bọ̀ wá jà.

Kò sí òkú tó jí dìde níbẹ̀. Ọkọ̀ tuntun ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti ń kàn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú orúkọ mìíràn kí àwọn ti àkọ́kọ́ tó rì. Ní Quincy, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts níbi tí wọ́n ti kan Lexington àkọ́kọ́, ọkọ̀ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń kàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cabot. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbọ́ pé ọkọ̀ tí àwọn fọwọ́ ara wọn kàn ti wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ, wọ́n bẹ Frank Knox, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi nígbà náà, pé kó sọ Cabot di Lexington. Knox gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún àwọn ọkọ̀ yòókù: Bon Homme Richard di Yorktown, Oriskany di Wasp, Kearsarge di Hornet. Àwọn orúkọ tí wọ́n gbà kúrò lára wọn kò sì ṣòfò. Ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n fi sọ, títí kan Cabot.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìkànkọ̀ fi lè máa bẹ̀bẹ̀ lórí orúkọ nígbà tí ogun gbóná, ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ lọ́dọ̀ tiwa ni oyè. Balógun kú, oyè Balógun kò kú. Ẹni tó máa jẹ ẹ́ tẹ̀lé e lè má jọ ọ́ lójú, ó lè má jọ ọ́ níwà, ó lè má tilẹ̀ ti agbo ilé kan náà wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá gba ewé oyè, ohun tí àwọn Balógun àtẹ̀yìnwá ṣe di ohun tí wọ́n máa fi kì í, ohun tí wọ́n sì ń retí lọ́wọ́ wọn ni wọn yóò máa retí lọ́wọ́ òun náà. Ẹni méjì kì í jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sì sí ẹni tó yẹ, oyè lè ṣófo títí. Bí orúkọ ọkọ̀ ogun ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn, ọ̀pọ̀ ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú nípa rẹ̀ ló sì máa ń yé wọn ní kété tí wọ́n bá ti mọ̀ pé oyè ni.

Ẹ wo Ark Royal ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Walter Raleigh ló ní kí wọ́n kan ti àkọ́kọ́ fún òun ní 1587, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 5,000 pọ́n-ùn. Lọ́dún kejì, inú rẹ̀ ni Lord Howard, ọ̀gá àgbà ogun ojú omi, wà nígbà tí wọ́n lé Armada, agbo ọkọ̀ ogun Spéènì, sẹ́yìn. Ní 1608 wọ́n tún ọkọ̀ náà kàn, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Anne Royal láti fi yẹ́ ìyàwó ọba sí. Oyè ṣófo. Ó ṣófo fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ títí di 1914, nígbà tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ra ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọn kò tíì kàn tán, tí wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ń gbé bàálù tó lè bà lórí omi. Ark Royal ni wọ́n pè é, ó sì jagun ní Dardanelles ní 1915.

Nígbà tó fi máa di 1934, wọ́n ti fẹ́ kan ọkọ̀ agbébàálù gidi, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí oyè kò tíì kú. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ àgbàlagbà ọkọ̀ náà, wọ́n ní kó máa jẹ́ Pegasus, ó sì ń jẹ́ Pegasus títí iṣẹ́ ogun rẹ̀ fi parí. Mo máa ń ṣàánú ọkọ̀ yẹn. Kò sá lójú ogun, kò ṣe ohun ìtìjú kan, ọmọdé tó lágbára jù ú lọ ló kàn dé.

Ọmọdé náà kò dójú ti oyè ṣá. Rédíò àwọn Násì pariwo ní 1939 pé àwọn ti rì í, irọ́ ni. Ní oṣù Karùn-ún 1941, bàálù tó gbéra láti orí rẹ̀ ló fi tọ̀pídò ba ìtọ́kọ̀ Bismarck jẹ́, débi pé ọkọ̀ ńlá Jámánì náà kò lè darí ara rẹ̀ mọ́ títí àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ká a mọ́. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọkọ̀ abẹ́ omi kan, U-81, ta tọ̀pídò lu Ark Royal lẹ́bàá Gibraltar, ó sì rì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú nínú gbogbo èrò inú rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń kàn lọ pẹ̀lú orúkọ Irresistible ni wọ́n yí sí Ark Royal, ìyẹn sì ṣiṣẹ́ láti 1955 sí 1979. Lásìkò náà orúkọ yìí ti wọ àwọn ará ìlú lára. Nígbà tí ìjọba fẹ́ sọ èyí tó tẹ̀lé e ní Indomitable, aráàlú fárígá, Ark Royal náà ni wọ́n padà sọ ọ́. Ìkarùn-ún nìyẹn, ó sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2011.

Pátákó kan wà nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń kọ àwọn ogun tí orúkọ náà ti jà sí. Ní 1954 ni wọ́n fi àṣẹ kan ṣètò rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè wà létòlétò. Orúkọ ló ni í, ọkọ̀ kò ni í. Ìdí nìyẹn tí Ark Royal ìkarùn-ún, tó lọ sójú ogun Ìráàkì ní 2003, fi lè kọ Armada 1588 sí pátákó rẹ̀, kí ó sì kọ Bismarck 1941 síbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1981 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òun fúnra rẹ̀ sómi. Ọmọ ogún ọdún tó bá wọṣẹ́ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú pátákó yẹn lọ jẹun. Iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá fẹ́ kí orúkọ máa ṣe lára rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló ń sọ ọkọ̀ lórúkọ? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí ó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé aṣòfin ti gbé e lé mínísítà fún ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi lọ́wọ́ láti 1819. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ kan ló ń ṣa orúkọ jọ, wọn a gbé e fún ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi, ọba ni yóò sì fọwọ́ sí i níkẹyìn. Òṣèlú kò sì jìnnà síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2025 ni wọ́n kéde pé ọkọ̀ abẹ́ omi tí ì bá máa jẹ́ Agincourt yóò máa jẹ́ Achilles. Agincourt ni ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti na Faransé ní 1415, àwọn kan sì sọ ọ́ ní gbangba pé torí kí inú Faransé má baà bàjẹ́ ni. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní ogun tí orúkọ Achilles ti jà ló jẹ́ kí àwọn mú un. Ní ti Amẹ́ríkà, wọ́n ti wá ń fi orúkọ ààrẹ àtijọ́ sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ agbébàálù wọn. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Orúkọ olóṣèlú, ìdajì ìlú ló máa ń dùn mọ́. Orúkọ bí Enterprise, gbogbo ìlú ló ni ín.

Enterprise yìí ni ti gidi nínú wọn. Ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí Benedict Arnold ń darí gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1775 ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Èyí tó lókìkí jù, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CV-6, wọṣẹ́ ní 1938, ó ja ogun Pàsífíìkì já, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ogun ogún. Ìlú kò rówó tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ogun, wọ́n tú u palẹ̀. Wọ́n yọ fèrèsé róbótó díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n lọ fi í sí yàrá ọ̀gá ọkọ̀ nínú Enterprise tó tẹ̀lé e, CVN-65, tó wọṣẹ́ ní 1961, tó sì jẹ́ ọkọ̀ agbébàálù àkọ́kọ́ láyé tí agbára átọ́míìkì ń gbé. Agogo CV-6 wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ní Annapolis. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2012, níbi ayẹyẹ tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ CVN-65, mínísítà kéde pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVN-80 yóò máa jẹ́ Enterprise. Wọ́n kò jẹ́ kí ìjókòó náà tutù rárá. Lára irin tí wọ́n sì tú kúrò lára ti àtijọ́ ni wọ́n ti yọ́ sínú ti tuntun.

Íńdíà ṣe irú rẹ̀, tiwọn sì ní ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ nínú. Vikrant àkọ́kọ́, ọkọ̀ agbébàálù tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gẹ́gẹ́ bí Hercules, wọṣẹ́ Íńdíà ní 1961, ó sì dí ojú òkun mọ́ Pakistan ní ìlà-oòrùn nígbà ogun 1971. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní 1997, ó ṣe ilé ọnà fún ọdún díẹ̀ ní Mumbai, wọ́n sì tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ ní 2014. Iléeṣẹ́ Bajaj ra lára irin rẹ̀, wọ́n fi ṣe alùpùpù. Orúkọ ní tirẹ̀ kò lọ sọ́dọ̀ alùpùpù. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 2022, Vikrant kejì wọṣẹ́ ní Kochi, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà ara kan náà, R11.

Yàtọ̀ sí irú ti Vikrant yìí, nọ́ńbà ara ló máa ń gba àwa òǹkàwé lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀. Wọn kì í sábà fi "kejì" tàbí "kẹta" kún orúkọ ọkọ̀ bí a ṣe ń fi kún orúkọ ọba. Ark Royal ni Ark Royal ń jẹ́ lára ọkọ̀. Àwọn òǹkọ̀tàn ló ń kọ II tàbí III tẹ̀ ẹ́ nídìí kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wọn. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà létòlétò ní 1920. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú àsìkò yẹn ni ká bi àwọn ará Baltimore léèrè.

Ọkọ̀ ogun Constellation ni wọ́n kàn ní Baltimore ní 1797, ọkọ̀ onígi tó ń fi ìgbòkun rìn, tó sì borí ọkọ̀ Faransé kan lójú ogun ní 1799. Ní 1853 ó ti gbó, wọ́n tú u ní ọgbà ìkànkọ̀ Gosport ní Norfolk. Ní ọgbà yẹn kan náà, lásìkò yẹn gan-an, wọ́n kan ọkọ̀ tuntun kan, wọ́n sọ ọ́ sómi ní 1854, wọ́n sì pè é ní Constellation. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àtijọ́ náà ni, wọ́n kàn tún un ṣe ni. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Baltimore ní 1955, ìlú yọ̀ pé ọmọ àwọn padà wálé. Wọ́n náwó sí i lára, wọ́n sì tún un ṣe kí ó lè jọ ọkọ̀ 1797. Àwọn kan ń bá wọn jiyàn, ìjà náà gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1991, Dana Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé ọkọ̀ 1854 ni. Wọ́n tún rí i pé ayédèrú wà lára àwọn ìwé tí àwọn kan gbójú lé. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe lákọ̀tun, gẹ́gẹ́ bí ohun tó jẹ́ ní tòótọ́.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ 1854 ní ìtàn tirẹ̀ tó tó ó yangàn, tí wọ́n fẹ́ fi ti bàbá bò mọ́lẹ̀. Òun ló ṣíwájú àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú ní etíkun Áfíríkà láti 1859 sí 1861. Ní oṣù Kẹsàn-án 1860 ó mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Cora lẹ́bàá ẹnu odò Kóńgò, èèyàn 705 ló sì wà nínú rẹ̀ nínú ìdè. Monrovia ni wọ́n kó wọn lọ. Tí wọn kò bá yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ náà, ẹnu àwọn tó ń mú àlejò wọnú ọkọ̀ ì bá ṣì wà lórí ogun 1799 tí igi ọkọ̀ yẹn kò bá wọn jà.

Oyè tún wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Hitler pàápàá gbà pé orúkọ ń roni. Ọkọ̀ ogun kan wà tó ń jẹ́ Deutschland, orúkọ ilẹ̀ Jámánì gan-an. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó ń rò ó pé bí èyí bá rì, ariwo tí àwọn ọ̀tá máa pa ni pé Jámánì ti rì. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Lützow. Lützow kan ti wà tí wọ́n ti fúnra wọn rì lẹ́yìn ìjà Jutland ní 1916, èyí tó sì ń jẹ́ orúkọ náà lọ́wọ́lọ́wọ́ ṣì wà nínú ọgbà ìkànkọ̀, òun ni wọ́n tà fún Soviet ní 1940. Ẹnì kan kúrò lórí oyè, wọ́n fi ẹlòmíràn tó ń sá fún orúkọ tirẹ̀ jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kò tíì fi orúkọ Hood sọ ọkọ̀ mìíràn. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún 1941 ni Bismarck yìnbọn lu Hood, tó sì bú gbàmù, nínú èèyàn 1,418 tó wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ló yè. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má jẹ oyè náà. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ Prince of Wales, tí bàálù Japan rì létí Màléṣíà lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ dìde: ọkọ̀ agbébàálù Prince of Wales wọṣẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá 2019. Àyájọ́ ọjọ́ tí ti àtijọ́ rì gan-an ni. Amẹ́ríkà náà pẹ́ kí wọ́n tó tún fọwọ́ kan Arizona, tó rì sí Pearl Harbor pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú èrò inú rẹ̀. Ìparí 2019 ni wọ́n kéde pé ọkọ̀ abẹ́ omi kan yóò máa jẹ́ ẹ.

Ohun tí kò wọ́pọ̀ ni kí ilẹ̀ kan jẹ oyè ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀ rí. Canberra, ọkọ̀ ogun Ọsirélíà, parẹ́ nínú ìjà Savo ní oṣù Kẹjọ 1942 níbi tí ó ti ń bá Amẹ́ríkà jà. Ààrẹ Roosevelt ní kí wọ́n gba orúkọ Pittsburgh lára ọkọ̀ tuntun kan, kí wọ́n pè é ní Canberra láti fi yẹ́ ọ̀rẹ́ sí. Ní 2023, Amẹ́ríkà ní Canberra kejì, Sydney ni wọ́n sì gbé e lọ kó lọ wọṣẹ́ níbẹ̀. Ọsirélíà ní Canberra tirẹ̀ lójú omi nígbà náà, àwọn méjèèjì kò sì gbé ara wọn ṣubú, torí agbo ilé kan ni òfin ẹnì kan ṣoṣo náà mú.

Orúkọ ọkọ̀ a sì máa kúrò lára ọkọ̀ lọ bá èèyàn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Jámánì tó ń jẹ́ Emden ṣubú lọ́wọ́ Sydney ti Ọsirélíà ní 1914, wọ́n gba àwọn tó yè nínú rẹ̀ láyè láti fi Emden kún orúkọ ìdílé wọn. Èyí tó kan àwa gan-an ṣáájú ìyẹn. Ní 1850, Ọba Gezo ti Dahomey fi ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò kan tí wọ́n kó lẹ́rú ta Kápútéènì Frederick Forbes lọ́rẹ. Aina ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Bonetta ni ọkọ̀ tí Forbes fi wá ń jẹ́, orúkọ tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ tipẹ́ kí èyí tó jẹ ẹ́. Forbes sọ ọmọ náà ní Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin Victoria gbà á sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ó fẹ́ James Davies ní 1862, wọ́n sì gbé ní Èkó. Orúkọ ọkọ̀ ogun ni obìnrin Yorùbá yìí gbé kú.

Orúkọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ oyè lórí omi kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ní 1939 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọkọ̀ ogun Nigeria sómi, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi orúkọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn sọ: Kenya, Gambia, Uganda, Fiji wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1942, nígbà tí ó ń sin àwọn ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ àti epo lọ sí Malta, ọkọ̀ abẹ́ omi Ítálì kan ta á ní tọ̀pídò, kò sì rì. Íńdíà rà á ní 1954, ó sì wọṣẹ́ ní 1957 pẹ̀lú orúkọ Mysore. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, Íńdíà fi orúkọ náà sọ ọkọ̀ tuntun kan tó wọṣẹ́ ní 1999. Nítorí náà, ẹni tó bá wá ìran Mysore lọ sókè, Nigeria ni yóò bá nídìí rẹ̀.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ti fi orúkọ sílẹ̀, tiwa gbà á. Ní 1959 wọ́n fún àwọn ọmọ ogun ojú omi wa ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Hare, ó di Nigeria. Ní 1965, èyí tí a ní kí wọ́n kàn fún wa ní Netherlands jẹ orúkọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló lọ sí Bonny ní oṣù Keje 1967 nígbà ogun abẹ́lé, ọkọ̀ tó sì kojú rẹ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ Ibadan, èyí tí Biafra gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ wo irú ìjà bẹ́ẹ̀: Nigeria ń yìnbọn sí Ibadan. Ibadan kò ti ibẹ̀ padà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba fi ra ọkọ̀ mìíràn, wọ́n sì pè é ní Ibadan II. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọkọ̀ tuntun tó tóbi jù lọ ti Hamburg dé, wọ́n yí orúkọ Nigeria padà sí Obuma. Ọkọ̀ tuntun náà ni Aradu.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn ará wa dá tí n kò rí níbòmíràn. Òfin ní ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Òfin kò sọ̀rọ̀ èdè. Ní 1972 a ra méjì, Dorina àti Otobo. Ní 1980 méjì mìíràn dé, Erinomi àti Enymiri. Ẹranko kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, erinmi ni, ní èdè Hausa, Ijaw, Yorùbá àti Igbo. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tó ń yára sáré tó tẹ̀lé wọn ṣe pín ẹkùn láàárín ara wọn: Damisa, Agu, Ekpe, Ekun. Aradu ni Hausa ń pe àrá, nígbà tí Amẹ́ríkà sì fún wa ní ọkọ̀ àtijọ́ kan ní 2011, Thunder ni a sọ ọ́. Àrá méjì nínú agbo kan, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé a rú òfin.

Orúkọ Lana náà ti di ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́dọ̀ wa. Ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ tó ń wọn ìsàlẹ̀ òkun, wọṣẹ́ ní 1976. Faransé ni wọ́n ti kan ti èkejì, ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2021, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe. Ohun tó yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù náà nìyẹn. Mo rọ àwọn tó wà nídìí rẹ̀ pé bí ọkọ̀ tuntun bá tún dé, kí wọ́n yẹ ìwé wò kí wọ́n tó wá orúkọ olóyè tàbí olóṣèlú kan lọ, kí wọ́n gbé Ibadan tàbí Erinomi dìde. Ẹ̀yin òǹkàwé pẹ̀lú, bí ẹ bá rí orúkọ ọkọ̀ nínú ìròyìn, ẹ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọdún tó wọṣẹ́.